Bíbélì Tí Wọ́n Fi Abẹ Gé

Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé girama kan ní Ìlaròó. Níbi tí mo ti ń múra iṣẹ́ sílẹ̀ ni mo ti kà á pé ọ̀kan nínú àwọn tó dá Amẹ́ríkà sílẹ̀ fi abẹ gé ẹ̀kọ́ Jésù jáde nínú Bíbélì, ó lẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tirẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ ìyanu sílẹ̀. Mo sọ fún bàbá mi, pásítọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì sí Ajílété. Mo rò pé wọ́n máa bínú.

Wọ́n ní, "Ṣé ó mú 'fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ'?"

"Ó mú un, Bàbá."

"Ṣé ó ní ẹrú?"

"Ó ní wọn, wọ́n sì pọ̀."

Wọ́n ní, "Kí ló máa ń rò tó bá ka ibẹ̀?"

 Mo ṣì ń wá ìdáhùn ìbéèrè yẹn.