Fọ́tò Àyà Wúrà

Bí ènìyàn bá wọ Iléṣà lọ́dún 1994, tó ní òun ń wá Cornelius tó ń ṣiṣẹ́ ní Ilé Ìwòsàn Àánú, àwọn ará ìlú lè máa wo ojú ara wọn. Ṣùgbọ́n bó bá ní Bàbá Ẹ-Má-Mí lòun ń wá, ọmọdé á mú un dé ẹnu ọ̀nà. Orúkọ iṣẹ́ ni. Cornelius ló ń fi ẹ̀rọ ẹ́síréè ya àwọn aláìsàn, ohùn rẹ̀ sì máa ń ta dé ìta láti ẹ̀yìn ògiri tó máa ń sá sí: "Ẹ fa èémí sínú! Ẹ má mí!" Àwọn ọmọ àdúgbò a máa sín in jẹ, inú rẹ̀ a sì máa dùn sí i.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó gbéraga díẹ̀. Ó gbà pé kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n bí òun, kò sì jìnnà sóòótọ́. Ìtànṣán ẹ́síréè gbọ́dọ̀ la ẹran ara kọjá kó tó dé orí fíìmù lẹ́yìn. Fún ọmọ tínínrín, díẹ̀ ti tó. Fún àgbẹ̀ tó ki, kí wọ́n bu díẹ̀ kún un. Ẹni tó bá sanra gan-an ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Bí ara bá nípọn tí ìtànṣán sì kéré, fíìmù á funfun bí ẹ̀kọ, a ò ní rí ọkàn, a ò ní rí ẹ̀dọ̀fóró. Bí wọ́n bá sì bù ú jù, fọ́tò lè mọ́ o, àmọ́ ìtànṣán kì í ṣe omi ìwẹ̀, ohun tó bá bà jẹ́ nínú ara kì í tètè sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ Cornelius níṣẹ́ kò fi nǹkan kan bo ọwọ́ ní ayé tirẹ̀, ìka rẹ̀ sì jẹrà dànù níkẹyìn. Cornelius kò gbàgbé ìka wọ̀nyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń ya èèyàn, ìwọ̀n tó yẹ ló sì máa ń lò.

Bí aboyún bá wá tí ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rín ni Bàbá Ẹ-Má-Mí máa ń rín. Á gbé ẹ̀wù òjé jáde, aṣọ wíwúwo tí ìtànṣán kì í là kọjá, á so ó mọ́ obìnrin náà níkùn. "Àyà la fẹ́ yà, ìyá. Ikùn ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ yín ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ wá síbí." Ọkọ tó bá ń da ẹnu bolẹ̀, á tì í síta. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ojo yín ti pọ̀ jù."

Wúrà ni ìyàwó rẹ̀. Ọmọ Ìbòkun ni, tíṣà ni, ó sì sanra. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó, ó sanra púpọ̀, ó sì tún rẹwà. Nílẹ̀ wa, bí ìyàwó bá ń sanra, ọkọ ni wọ́n máa ń yìn. "Cornelius, o mà ṣe é o! Ara tu ìyàwó ẹ." Kò sẹ́ni tó ń bèèrè bóyá ara náà tu òun fúnra rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò ní, ọmọ ni. Wọ́n ti gbàdúrà títí ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tiwọn, wọ́n sì ti yọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn Àpósítélì náà. Wúrà ṣì ń pe ọkọ rẹ̀ ní "Bọ̀ọ̀dá", torí kò tíì sí orúkọ ọmọ tí yóò fi pè é.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ó sọ̀rọ̀ láìwo ẹ̀yìn. "Bọ̀ọ̀dá, mi ò tíì rí nǹkan oṣù mi. Ó ti ń pẹ́."

Cornelius jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí yanrìn, pẹ̀lú ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Má sọ fún ẹnì kankan o."

Wúrà rẹ́rìn-ín. "Ta ni mo fẹ́ sọ fún?"

Bá a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Oyún tí kò tíì hàn, a kì í gbé e sẹ́nu. Ayé le, inú èèyàn sì jìn. Ẹni tó bá lóyún á dákẹ́, ọkọ rẹ̀ á dákẹ́, títí ikùn á fi sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mi ò bú àṣà náà, ó ti bo àṣírí ọ̀pọ̀ obìnrin tí oyún wọn kò dúró. Àmọ́ ikùn Wúrà kì í ṣe ikùn tó lè sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ náà ni Cornelius ti di ẹni tuntun. Ó ń ra ọsàn bọ̀ láti ẹnu iṣẹ́. Ó ń gba korobá lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ lójú àwọn ará ilé, wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹsẹ̀ Wúrà bẹ̀rẹ̀ sí wú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni tàwọn aboyún máa ń rí. Nígbà tí Wúrà kò lè sùn mọ́ àfi kó fi ìrọ̀rí gbé ara sókè, ó ní ọmọ ló ń wá àyè. Gbogbo àmì àìsàn tó yọ, orúkọ ọmọ ló ń fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èémí há mọ́ Wúrà láyà nínú kíláàsì, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé e wá sí Ilé Ìwòsàn Àánú. Dókítà Mukhtar ló wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Òṣogbo tí kò tíì pẹ́ tó débẹ̀. Ó tẹ́tí sí àyà Wúrà, ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tó tẹ̀ sì jìn wọnú. "Màmá, ó jọ pé ọkàn yín ló ń ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí Bàbá ya àyà yín, kí n rí bó ṣe tóbi tó, kí n lè mọ oògùn tí mo máa fún yín."

Cornelius so ẹ̀wù òjé mọ́ ìyàwó rẹ̀. Kò yí i ká tán. Ó gbé èkejì, ó fi kún un. Ó bọ́ sẹ́yìn ògiri, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ. Ó mọ ibi tó yẹ kó yí i dé fún irú ara bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá di í lójú, ọwọ́ rẹ̀ á bá a. Ó yí i débẹ̀ lóòótọ́. Ó wá yọjú wo Wúrà, ó wo ikùn tó wà lábẹ́ òjé. Ó yí i padà sẹ́yìn. Ó tún yí i padà sí i, títí tó fi dé ibi tí wọ́n ti ń ya ọmọ iléèwé.

"Fa èémí sínú. Má mí."

"Bọ̀ọ̀dá, èémí wo ni mo ní tí mo fẹ́ fà?" Ó fi ṣe àwàdà, bíi tìṣe rẹ̀.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọkùnrin tó ti fọkàn àwọn aboyún Iléṣà balẹ̀ kò rí ẹni tí yóò fọkàn tirẹ̀ balẹ̀, torí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Fíìmù náà jáde, funfun báláú. Mukhtar gbé e sójú iná, ó gbé e sójú fèrèsé. "Bàbá, mi ò rí nǹkan kan. Ọkàn dà? Ẹ bá mi tún un yà, kẹ́ ẹ fi agbára sí i."

"Ẹ̀rọ ló ti gbó, Dókítà. Iná ò sì dúró re. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni Mukhtar tí yóò bá Bàbá Ẹ-Má-Mí jiyàn lórí fọ́tò? Ó fún Wúrà ní oògùn díẹ̀ tí yóò mú omi inú ara rẹ̀ fà, ó ní ìyókù di ìgbà tí òun bá rí ọkàn náà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí po, Mukhtar fúnra rẹ̀ ló mú Wúrà wá sí yàrá ẹ́síréè. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó di dandan lónìí."

Cornelius fa ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn ògiri. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wúrà, mi ò fẹ́ kí nǹkan yìí tún kan ọmọ náà. Mo ti ń wá orúkọ tá a máa sọ ọ́. Ṣé o lè fara dà á títí a ó fi bí i?"

Wúrà wò ó. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó gbé ọwọ́ lé ọkọ rẹ̀ léjìká, ó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Bí ẹ bá ti wí, Bọ̀ọ̀dá."

Cornelius jáde, ó ní ara ìyàwó òun ti ń balẹ̀, kò fẹ́ yà mọ́.

"Bàbá," ni Mukhtar wí, "ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń fi pamọ́ fún mi?"

"Kò sí."

Ká ní ó sọ ọ́! Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Mukhtar ì bá ti bi í pé kí ló máa ń sọ fún ìyàwó àwọn ẹlòmíì. Wọn ì bá ti fi ìtọ̀ Wúrà ṣàyẹ̀wò, kí oòrùn tó wọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ì bá ti yé wọn. Inú máa ń bí mi bí mo bá dé ibí yìí. Mi ò mọ ẹni tí mo lè bínú sí.

Kò pẹ́ tí Wúrà dákú nílé. Ìwàlẹwà, àbúrò rẹ̀ tó wá láti Ìbòkun, wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí epo mọ́tò wọ́n bí ojú ni. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Òṣogbo, ètè Wúrà ti ń dúdú. Wọ́n yà á níbẹ̀ kíá. Fọ́tò náà mọ́, egungun hàn, ọkàn hàn, ó tóbi ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àyà. Cornelius, tó ti bá wọn débẹ̀, wò ó, ó sì mọ̀ pé ìwọ̀n tó yẹ ni wọ́n lò. Kò lè tan ara rẹ̀ mọ́ pé ọmọ ló fa àìsàn náà. Wọ́n du ẹ̀mí Wúrà títí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ó dákẹ́ lọ́wọ́ wọn.

"Ọmọ ńkọ́?" ni Cornelius bi nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì náà wò ó tàánútàánú. "Ọmọ wo, Bàbá? Wọn ò lóyún."

Cornelius kò gbà á gbọ́. Ó rò pé wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ni. Ó gbé èrò náà wọ Iléṣà, ó gbé e dé ìdí sàréè, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ẹni méjì lòun sin.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìwàlẹwà ń di aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú yàrá. Cornelius dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó rọra, aṣọ ìyá ọmọ ni. Ìwàlẹwà ju aṣọ sílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, kò sí ọmọ. Nǹkan oṣù Àǹtí ti dé. Àárọ̀ ọjọ́ tí dókítà fẹ́ tún fọ́tò yẹn yà ni wọ́n rí i. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ fún yín níbẹ̀, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ orúkọ. Wọ́n ní ojú yín ń tàn, àwọn ò lè gbà á lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín, àwọn máa wá ọjọ́ tó dáa."

"Ó mọ̀, nígbà tí mo ní kó má yà á?"

"Wọ́n mọ̀."

Cornelius ní kó tún un sọ. Ìwàlẹwà tún un sọ. Nígbà náà ló wá figbe ta, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé kejì sáré wọlé, wọ́n rò pé ẹlòmíì ló tún kú.