Fèrè Tó Dún Lókè

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé bọ́ sí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ṣẹ́gun mi lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe nílùú òyìnbó níbí. Láàárọ̀ yẹn, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Thamesmead lọ sílé òyìnbó kan ní Shooters Hill, ẹni tí mò ń pè ní Dádì. Ó ti sọ ìtàn bàbá rẹ̀ fún mi títí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni bàbá náà wọ iṣẹ́ ológun ojú omi, ó sì di ọ̀gá ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń rì lójú ogun, fèrè ló fi kó àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ jọ. Yàrá òkè ilé tí Dádì ń gbé yìí ni bàbá náà wá kú sí.

Mo rò pé Dádì ń sùn nísàlẹ̀, torí kì í gòkè mọ́. Mo ń po tíì lọ́wọ́ nígbà tí fèrè dún lókè. Ara mi bù máṣọ! Wọ́n kọ́ wa nílé pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Mo kúnlẹ̀, mo mú Sáàmù kọkànlélàádọ́rùn-ún bọnu. Fèrè tún dún, kò le mọ́. Ó wá dákẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju fèrè lọ. Mo sáré gòkè. Dádì ni mo bá nílẹ̀, tí kò lè dìde, fèrè bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mú un wá fi hàn mí ni.

"Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́, Dádì. Àdúrà ni mò ń gbà."

"Fún ta ni?"

Mo kúnlẹ̀ tì í, mo sì ràn án lọ́wọ́ láti jókòó.

Ara Dádì ti yá báyìí. Mo ṣì ń gbàdúrà bí ẹ̀rù bá bà mí, ṣùgbọ́n orí àtẹ̀gùn ni mo ti ń gbà á, bí mo ṣe ń sáré lọ.