Orúkọ Ìyá Mi Lára Ọ̀rá Kókóró

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé, bí mo bá fẹ́ po kókóró, àfi kí n kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn, kí n ti fèrèsé mọ́ ọn. Ní Ìgbẹ̀ìn ni mo ń gbé nígbà náà, ooru á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nínú kíṣìnnì. Bí mo ṣe ń da gààrí mọ́ àgbàdo lílọ̀, bí mo ṣe ń wọn ṣúgà sí i, ojú tèmi nìkan ló gbọ́dọ̀ rí i. Ìyá mi ló kọ́ mi kó tó kú. Oríkì rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀rá tí mo ń dì í sí. Kókóró Àbẹ̀kẹ́! Títí dé Pápálántò ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀.

Tísà obìnrin kan wà ní yàrá tó kọjú sí tèmi. Òun ni mo fura sí jù. Bó bá kí mi pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n,” ọkàn mi á ní ó ń gbóòórùn ohun tí mo fi sí i ni. Lọ́jọ́ kan ó jókòó tì mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ fi orúkọ yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba o, kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ yín lọ́wọ́.” Ẹ̀n-ẹ́n, mo ti mú un! Ó fẹ́ kó àwọn agbowó-orí wá bá mi ni, àbí òun gan-an ló fẹ́ gba orúkọ náà? Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Tísà, ẹ ṣeun. Ṣé ìjọba ló sọ ìyá mi lórúkọ ni?” Lọ́jọ́ kejì mo ra àgádágodo mìíràn.

Ẹni tí mi ò fura sí rárá ni oníbàárà mi kan láti Owódé. Páálí páálí ló ń kó kókóró, kì í yọjú wo ìkòkò mi, kì í béèrè ohunkóhun. Mo máa ń yìn ín pé obìnrin tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ tó ní kí n fún òun ní ọ̀rá òfìfo díẹ̀ kí òun fi han àwọn èèyàn òun, odindi ìdì kan ni mo gbé fún un, mo tún fi èènì kókóró lé e.

Kò pẹ́ sígbà náà tí kò wá mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìwé lọ́yà dé. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ju agbára mi lọ, ni mo bá gbé e lọ bá tísà, tìtìjú tìtìjú. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹ̀gbọ́n, oníbàárà yín ti lọ fi Àbẹ̀kẹ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọjà tiẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ yéé lò ó.”

“Ìyá ta ló ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́?” Mo figbe ta, mo sunkún bí ọmọdé.

Lọ́yà tí èmi àti tísà jọ lọ bá ní a lè bá obìnrin náà fà á, bí mo bá ní ìwé tó fi hàn pé èmi ni mo kọ́kọ́ ń lò ó. Ìwé kẹ̀? Èmi tí mi ò jẹ́ kọ rìsíìtì fún ẹnikẹ́ni, kí ìjọba má baà mọ ilé mi!

Orúkọ mìíràn ló wà lára ọ̀rá mi báyìí, mo sì ti fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Tísà ló bá mi kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Èmi lo oògùn náà o, ẹni tó fẹ́ràn mi ni mo lò ó fún. Bí mo bá rí Kókóró Àbẹ̀kẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lónìí, mo máa ń rà á, mo máa ń tọ́ ọ wò. Ó le bí òkúta, kò sì dùn. Ohun tó ń dun èmi ni pé àwọn tó ń jẹ ẹ́ rò pé bí ìyá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn.