Omi Tí Bàbá Pò fún Wa

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì ní Ìbàdàn. Nígbà tí mo dé Atlanta, tí mo ní mo fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, ilé ẹ̀kọ́ wo ìwé ẹ̀rí mi sókè sódò, wọ́n ní ó dáa, ó rẹwà, kí n lọ bẹ̀rẹ̀ kẹ́mísírì láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ta ni kò ní fẹ́ kí wọ́n tún sọ fún òun, ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì, pé háídrójìn méjì àti ọ́síjìn kan ló ń di omi?

Àwa mẹ́rin láti ìjọ wa ní Stone Mountain la jọ wà ní kíláàsì náà, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan nínú wọn pé mo ti ṣe tísà kẹ́mísírì rí. Ẹni tí mo sún mọ́ jù nínú wọn ni ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Austell ló ń gbé, èmi ni mo máa ń fi mọ́tò gbé e lọ gbé e bọ̀. Ọmọ art ni nílé, kò fojú kan kẹ́mísírì rí. Láti ìdájí ló ń gbé páálí ní warehouse kan ní Fairburn, ẹ̀yìn sì ti ń dùn ún bí àgbàlagbà. Wọ́n ti fún un láyè ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, àmọ́ wọ́n ní dandan ni kó gba B nínú kẹ́mísírì. Bí kò bá gbà á, àyè yẹn lọ nìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó tún lè béèrè, páálí ni yóò sì máa gbé títí di ìgbà náà. Olùkọ́ wa níbi kíláàsì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Kó tó parí ìlà kan, ọmọbìnrin yìí á ti sùn lọ.

Ìjọ wa kò fi wá sílẹ̀. Nígbà tí ìdánwò àṣekágbá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n kéde lẹ́yìn ìsìn pé Bàbá kan nínú ìjọ, tó wá láti Nàìjíríà wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ, yóò máa kọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo Sátidé. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Tísà ni Bàbá lóòótọ́. Ìmọ̀ Bíbélì ni wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún kọ́. Àmọ́ wọ́n ní ọdún kan wà tí tísà kẹ́mísírì ilé ìwé wọn ṣàìsàn, tí wọ́n bá a di kíláàsì náà mú fún táàmù kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ò kọ́ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì di mínísítà.

Yàrá tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì la ń lò, lórí àwọn àga pupa kéékèèké tí orúnkún èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. A ó kọ́kọ́ gbàdúrà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ó de ẹ̀mí ìjákulẹ̀ tọwọ́ tẹsẹ̀, lẹ́yìn náà Bàbá á kọjú sí pátákó.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n kọ ọ́ pé H₂ + O₂ → H₂O. Wọ́n ní ìdọ́gba nìyí, ohun tó wọlé gbọ́dọ̀ bá ohun tó jáde mu. Ó tọ̀nà, mo mi orí. Wọ́n ka ọ́síjìn: méjì lápá òsì, ẹyọ kan lápá ọ̀tún. Wọ́n ní kí la máa ṣe? Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, wọ́n ti fi 2 kékeré kan sí abẹ́ O. Ó di H₂O₂. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo rẹ̀ pé.

"Ẹ rí i bó ṣe rọrùn? Praise God!"

A ní Halleluyah.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀. Nọ́ńbà kékeré tó wà lábẹ́ lẹ́tà, ara nǹkan náà ni. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Nọ́ńbà ńlá iwájú nìkan lèèyàn lè yí, torí iye ni ìyẹn ń sọ. Bí ẹ bá gba àlejò tí ìgò omi ò kárí wọn, ìgò omi lẹ máa wá kún un, ẹ ò ní lọ tún omi inú ìgò dá. Ohun tó yẹ kí Bàbá kọ ni 2H₂ + O₂ → 2H₂O. H₂O₂ tí wọ́n kọ yẹn kì í ṣe omi. Inú ìgò búráùn ló wà ní ilé ìtajà oògùn. Òun la fi ń nu ojú egbò, òun làwọn tó ń ṣe irun fi ń sọ irun dúdú di pupa. Ohun tí Bàbá ní ká máa mu nìyẹn.

Ṣé mo wá la ẹnu mi? Rárá o, àbíkọ́ ni mí. Bàbá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́, kí èmi wá nawọ́ sókè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, omi kọ́ nìyẹn"? Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ìjọ á ti gbọ́ pé obìnrin kan ń bá Bàbá figagbága. Mi ò sì lè ṣaláìlọ, torí ẹni tó bá pa kíláàsì jẹ, wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ sí àdúrà. Mo kúkú jókòó, mo ń wòran. Lọ́sẹ̀ kejì, iyọ̀ ló kàn, NaCl tí à ń fi sí ọbẹ̀. Kílóríìnì ò kárí, Bàbá fi 2 sí i lábẹ́, ó di NaCl₂. Wọ́n ní ohun tí àgbà bá rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Òótọ́ ni. Iyọ̀ tí Bàbá rí yẹn, Ọlọ́run gan-an ò tíì dá a. Mo fi ìwé bo ẹnu, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo ṣe bí ẹni ń wúkọ́.

Nígbà tí à ń padà lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin yẹn ṣí ìwé rẹ̀ nínú mọ́tò.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́ ma, ohun tó wà nínú textbook wa yàtọ̀ sí ti Bàbá o. It's like iwájú ni wọ́n ń fi nọ́ńbà sí."

Mo ní, "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

"Okay ma. Ti Bàbá tiẹ̀ yé mi ju ti textbook lọ sha."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Mo tan rédíò.

Ìdánwò dé, ìdọ́gba mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Mo ṣe tèmi bó ṣe yẹ, mo gba A. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá ìwé padà fún wa, a jókòó sínú mọ́tò ní parking lot, ó ń wo tirẹ̀.

"Aunty, C ni."

Mo gba ìwé náà. H₂O₂ wà níbẹ̀, NaCl₂ wà níbẹ̀, gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bí Bàbá ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́, olùkọ́ sì ti fi bírò pupa fagi lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kù nínú ìdánwò náà, ó ṣe é dáadáa. Ó na ọwọ́ mú ìwé tèmi, ó tẹ́ méjèèjì sórí itan rẹ̀, ó ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì.

"Aunty, ẹ̀yin náà wà ní kíláàsì Bàbá. Gbogbo Sátidé lẹ wá. Báwo ni tiyín ṣe wá jẹ́ correct?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni. Tísà kẹ́mísírì ni mí nílé."

"So ẹ mọ̀ pé ohun tí Bàbá ń kọ́ wa, wrong ni?"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo, ma?"

"Láti Sátidé àkọ́kọ́." Mo yára fi kún un pé, "Àgbàlagbà ni Bàbá. Ọ̀wọ̀ ló jẹ́ kí n dákẹ́."

Irọ́ ni. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rù ẹnu ayé náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí mo ń rín yẹn ló dùn mọ́ mi jù, mi ò fẹ́ kó tán. Ojú tì mí débi pé mi ò lè ṣí iná mọ́tò. Mo ń retí kó bú mi. Mo tiẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ká ní ó pariwo mọ́ mi, mi ì bá rí àyè bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó yá, mo wa mọ́tò dé iwájú ilé rẹ̀ ní Austell. Ó sọ̀kalẹ̀, ó yí wá sí apá ọ̀dọ̀ mi, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí kọnkéré, ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, ma. Ẹ kú wàhálà mi."

Ó dìde, ó wọlé. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kò sọ ọ́ fún mi. Àgbà ni mí.