Ojú Àbúrò Mi Tí Mo Fi Pẹ́ńsù Tún Ṣe

Kò sí ẹni tó mọ pẹ́ńsù lò lórí fọ́tò tó mi ní gbogbo Sábó. Ọ̀gá mi tó ń kọ́ mi níṣẹ́ fọ́tò gan-an mọ̀, kò kàn fẹ́ fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ ni. Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀ ni mo dé tí mo fi sá kúrò níléèwé, torí tíṣà wa máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn bí ẹni ń fa okùn kànga, èmi ò sì ní sùúrù ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé nẹ́gẹ́tíìfù lé mi lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wá wò ó.

Fíìmù tá a máa ń kọ́kọ́ rí lẹ́yìn tá a bá ya èèyàn tán, òun là ń pè ní nẹ́gẹ́tíìfù. Gbogbo nǹkan ló dorí kodò nínú ẹ̀: irun á funfun, eyín á dúdú. Ibi tó bá ṣókùnkùn lójú èèyàn, á mọ́ gaara níbẹ̀ bíi gíláàsì. Tó o bá wá fi pẹ́ńsù tó mú bí abẹ́rẹ́ kun ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó o bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, òkùnkùn ti lọ. Bá a ṣe ń yọ ìhunjọ kúrò lójú àwọn ìyá olówó nìyẹn. Wọ́n á ní ọ̀gá mi ló ṣe é. Èmi ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni àbúrò mi obìnrin nígbà yẹn, èmi ti pé méjìdínlógún. Mùṣín là ń gbé lọ́dọ̀ bàbá wa tó ń ṣe káfíńtà. Ìyá wa ò sí nílé. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti gbé wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, nítorí àìsàn kan tó wọlé tí ò jáde mọ́.

Abẹ́ ojú àbúrò mi dúdú. Ó dúdú o, bí ẹni pé wọ́n fi èédú ra á. Kì í ṣe àìsùn, torí tó bá sùn, ẹ lè gbé e tà. Àwọn ọmọ iléèwé ẹ̀ sọ ọ́ ní Òwìwí. Ẹ sì mọ irú ẹyẹ tí òwìwí jẹ́. Tó bá ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n á fọwọ́ bojú, wọ́n á máa ké "húù, húù". Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìborùn wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú nìyẹn, tó ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

Àárín ìyẹn la wà nígbà tí awakọ̀ lọ́rì kan mú iṣẹ́ ìyá wa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní kí wọ́n ya ọmọ òun obìnrin ní fọ́tò ránṣẹ́ sí òun, òun fẹ́ rí ojú ẹ̀, òun ò mọ iye ọjọ́ tó kù fún òun. Bàbá wa ní òun á mú gbogbo wa lọ tí òun bá ti parí ilẹ̀kùn àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Sùúrùlérè. Ilẹ̀kùn ọ̀hún ò tán.

Àbúrò mi ní òun ò ní yà.

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò mí, bọ̀ọ̀dá. Tí màmá bá rí mi báyìí, wọ́n á rò pé ẹ ò fún mi lóńjẹ."

"Ṣé èmi ni mò ń jẹ oúnjẹ ẹ ni?"

"Ẹ kúkú ń jẹ ẹ́. Ẹja àná ńkọ́?"

Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ ẹja sílẹ̀, kó fi ojú ẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo tọrọ tìróò lọ́wọ́ ìyàwó onílé wa. Èrò mi ni pé tá a bá fi tìróò yí gbogbo ojú ká, ta ló máa mọ èyí tí Ọlọ́run fún un yàtọ̀ sí èyí tí mo fi sí i? Mo lé e dáadáa, àwa méjèèjì sì fẹsẹ̀ rìn forí lé Sábó nínú oòrùn. A ò tíì débì kankan tí òógùn fi gbé tìróò wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà ju ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ìwọ lo na ìyàwó ẹ báyìí?"

"Àbúrò mi ni, mà!"

"Áà! Ìyẹn tún wá burú jù!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wá rí ojú ọmọ náà. Ó ti yí padà sí ọ̀nà ilé, ó ń fi ìborùn nu ojú, ó sì ń nu ún bí ẹni fẹ́ bó awọ kúrò.

Mo sáré bá a. Mo ní, "Wá, gbọ́. Jẹ́ kí n ṣáà yà ọ́. N ó fi pẹ́ńsù yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ojú ẹ á mọ́ bí ẹyin."

"Ẹ búra."

"Mo búra."

Ọ̀gá mi ní òfin kan. Fọ́tò tó bá ń lọ sí ìlú, sọ́dọ̀ ẹbí, a kì í fọwọ́ kan àmì ojú. Ilà ni o, àpá ni o, àmì àbímọ́ ni o, kó dúró bó ṣe wà. Ó máa ń sọ pé, "Àmì làwọn tó wà nílé fi ń mọ ọmọ wọn." Ó ti sọ ọ́ fún mi tó ìgbà ogún. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti sú mi. Mo dúró di ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tó lọ kírun, mo ya àbúrò mi, mo fọ fíìmù, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú pẹ́ńsù mi. Mi ò mí dáadáa títí mo fi ṣe é tán. Iṣẹ́ yẹn dára. Títí dòní, mi ò tíì ṣe irú ẹ̀.

Nígbà tí mo fún un, ó di fọ́tò náà mú ní etí méjèèjì, ó wò ó pẹ́.

"Èmi nìyí?"

"Ìwọ mà ni."

Ó ṣí ìborùn kúrò lórí lọ́jọ́ yẹn, ó fi orí lásán fọṣọ lágbàlá, ó ń kọrin. Èmi ń yan kiri bí àkùkọ. Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ lọ́rì mú fọ́tò náà lọ.

Ó lé díẹ̀ lóṣù kan, ẹ̀gbọ́n ìyá wa bá dé fúnra wọn. Aṣọ dúdú ni wọ́n ró. Wọn ò dáhùn ìkíni wa. Àbúrò mi ni wọ́n lọ bá tààrà, wọ́n di àgbọ̀n ẹ̀ mú, wọ́n gbé ojú ẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò pa abẹ́ ojú ẹ̀, wọ́n sì bú sẹ́kún.

"O wà láàyè. Ọmọ yìí mà wà láàyè!"

Wọ́n ti sin ìyá wa, wọ́n ti ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ pàápàá.

Wọ́n jókòó, wọ́n sọ ọ́ fún bàbá wa, àwa náà sì ń gbọ́. "Nígbà tí fọ́tò dé, inú ẹ̀ dùn. Ó ní kí n gbé òun síta kí òun lè rí i dáadáa. Ó wò ó, ó wò ó. Ó ní, 'Ọmọ ta nìyí?' Mo ní ọmọ tìẹ ni. Ó ní, 'Rárá. Ojú ọmọ mi ò rí báyìí. Ọmọ mi ti kú. Ẹ lọ wá ọmọ ọlọ́mọ yà ní fọ́tò, kí n má baà mọ̀.' Mo búra fún un. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà la ṣe búra nígbà tí bàbá wa kú. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì."

Bàbá mi gbé orí wọn wálẹ̀. Òótọ́ ni. Nígbà tí ìyá wa wà nínú oyún àbúrò mi ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ kú, oṣù mẹ́ta ni gbogbo ilé sì fi ń sọ fún wọn pé bàbá rìnrìn àjò. Bá a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. A kì í sọ ọ̀fọ̀ fún aboyún, a kì í sọ ọ́ fún aláìsàn. Ìyá wa mọ̀ wá.

"Ó kọ oúnjẹ. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi sunkún ọmọ ẹ̀. Ọjọ́ keje, ó tẹ̀lé e." Wọ́n nawọ́ sí ojú àbúrò mi. "Èmi ò ní dúdú yìí. Ìyá tó bí wa ní in, àbúrò mi ní in, ọmọ yìí ní in. Ẹ ò kọ ọ́ nílà ní Èkó ńbí. Ilà tó ní nìyẹn."

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi rí ojú ìyá mi lójoojúmọ́. Mo rò pé àìsàn ló sọ abẹ́ ojú wọn di dúdú. Mi ò bi wọ́n léèrè rí.

Bàbá wa ní, "Ta ló fọwọ́ kan fọ́tò yẹn?"

Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì pa mọ́ sẹ́yìn.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n bá mi yọ ọ́, bàbá," ni àbúrò mi wí.

Bàbá wa ò wò ó. Èmi ni wọ́n ń wò. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sídìí igi wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo bu díẹ̀ nínú tapẹtáìnì tí bàbá wa fi ń pò fáníìṣì. Mo lọ sí Sábó, mo fi òwú nu nẹ́gẹ́tíìfù náà títí gbogbo pẹ́ńsù mi fi kúrò. Ọ̀gá mi dúró lẹ́yìn mi. Mo rò pé ó máa bú mi. Bébà tó dára jù lọ ló gbé síwájú mi, ó sì jáde. Nígbà tí fọ́tò náà jáde nínú omi, ìyá mi ni mo rí tó ń wò mí. A ò ní fọ́tò wọn kankan.

Àbúrò mi gbé e fún ẹ̀gbọ́n ìyá wa nígbà tí wọ́n fẹ́ padà.

"Ẹ bá mi mú un lọ síbẹ̀, mà."

"Síbo, ọmọ mi?"

"Níbi tẹ́ ẹ sin wọ́n sí. Ẹ sọ fún wọn pé èmi nìyí. Ẹ ní mo wà láàyè."

Mo gbé àpò wọn dé gáréèjì. Mo ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n ẹrù wọn ni mo kàn ń bá wọn tò sínú lọ́rì. Nígbà tí wọ́n ti jókòó sínú lọ́rì, wọ́n yọ fọ́tò náà, wọ́n wò ó.

"Ìwọ lo ya eléyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó jọ ìyá ẹ," wọ́n wí, wọ́n sì fi aṣọ wé e padà.