Àpótí Tó Gbọ́ Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Mi

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni bàbá mi ti ń lu ìlù òyìnbó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlíṣàn. Ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, àwọn kéékèèké tó yí i ká, àti àwo idẹ tó ń dún ṣáán, bàbá mi nìkan ló ń kápá gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, apá ọ̀tún wọn kò lágbára mọ́, ọ̀rọ̀ sì wúwo lẹ́nu wọn. Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n á tún un sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí onítọ̀hún kò bá tún gbọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á dákẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó gba yàrá nínú ilé wa ló kó ìlù mìíràn wọlé. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ó gbé ìlù oníná rẹ̀ wá sí pálọ̀ wa: àwo rọ́bà márùn-ún lórí irin.

"Bàbá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi í sílẹ̀ fún," ó wí. "Àpótí tó ń fún un lóhùn ló ti bàjẹ́. Bí ẹ bá rí òmíràn so mọ́ ọn, á dún."

Mo rí bàbá mi tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò òsì ra rọ́bà náà lára.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń wo oríṣiríṣi àpótí lórí fóònù. Àwọn tó gbayì ju agbára tíṣà bíi tèmi lọ. Níkẹyìn mo yan ọ̀kan tí apá mi ká. Tuntun ni, ohùn inú rẹ̀ sì lé ní igba. Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti bàbá mi wọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á ní Ṣàgámù, àwo rọ́bà kan nínú báàgì.

Obìnrin oníhíjáàbù kan ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ní obì ni ìyá òun ń tà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òórùn obì náà ṣì wà lára ògiri. Ó gbé àga fún bàbá mi, ó fi wáyà so àwo rọ́bà wa mọ́ àpótí tuntun náà, ó kó igi ìlù lé wọn lọ́wọ́.

Ọwọ́ òsì lù ú, ó dún gbàmù. Ọwọ́ ọ̀tún gbéra díẹ̀díẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ sórí rọ́bà. Kò dún. Wọ́n tún un ṣe. Kò dún. Bàbá mi gbé igi ìlù lé itan.

"Èyí dáa," wọ́n wí. "Rà á, ká máa lọ."

"Bàbá, kò gbọ́ ọwọ́ ọ̀tún yín."

"Ọwọ́ òsì náà tó."

Mo ti fẹ́ gbà, torí igba ohùn yẹn ló gbà mí lọ́kàn. Obìnrin náà ló ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí." Ó wọ inú lọ, ó gbé àpótí kan jáde tí ara rẹ̀ ti họ.

"Àǹtí, àlòkù ni. Ohùn rẹ̀ ò ju ọgbọ̀n lọ. Àmọ́ èèyàn lè sọ fún un bó ṣe máa tẹ́tí sí àwo kọ̀ọ̀kan. Tuntun yẹn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀." Ó so wáyà mọ́ ọn, ó tẹ bọ́tìnnì, ó tún tẹ̀ ẹ́. "Ẹ má lù ú, Bàbá. Ẹ kàn jẹ́ kí igi yẹn bọ́ lé e."

Igi bọ́. Ó dún, ó kún bíi ti ọwọ́ òsì.

Bàbá mi wo ọwọ́ wọn. Wọ́n tún jẹ́ kó bọ́. "Ó gbọ́ mi," wọ́n wí.

Mo kọjú sí ògiri, mo nu ojú mi. Àlòkù náà la rà, mo sì fi ìyókù owó ra íápíìsì ńlá tó ń bo etí, kí ìlù má baà dí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá lọ́dọ̀ wa lọ́wọ́.

Láràárọ̀, bí bàbá mi bá ti mu ògì tán, wọ́n á jókòó sídìí rẹ̀. Pàkà-pàkà igi lórí rọ́bà nìkan là ń gbọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n fọwọ́ pè mí, wọ́n fi íápíìsì bò mí létí, wọ́n sì ń lù ú. Ọwọ́ ọ̀tún ń pẹ́ kó tó dé. Ọwọ́ òsì ń dúró dè é. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn títí wọ́n fi parí.

Wọn kò tíì padà sídìí ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì, bóyá wọn kò sì ní padà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, mo wọ yàrá wọn láti bá wọn de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì, mo sì bá wọn níwájú dígí, tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì dè é. Wọ́n ti fo ihò kan, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà wọ́.

"Má fọwọ́ kàn án," wọ́n wí.

Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.