Ọkùnrin Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Iṣẹ́ tí Mobọ́lá Adéjùmọ̀ ń ṣe ní Stockport, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò rọrùn láti ṣàlàyé fún èèyàn. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Mo ń ṣiṣẹ́ ní lab," wọ́n á sì rò pé ẹ̀jẹ̀ ló ń yẹ̀ wò ní ọsibítù. Ìbọn ló ń yìn. Ará ìlú kò lè ní ìbọn ìléwọ́ nílé ní orílẹ̀-èdè yẹn, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ kékeré kan tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ wà nínú ilé kan tí wọ́n ti ń ran òwú láyé àtijọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yìnbọn lu gíláàsì báńkì àti ẹ̀wù ọlọ́pàá, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọta á kọjá tàbí kò ní kọjá.

Kò sí jàgídíjàgan kankan nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n á fi irin de ìbọn mọ́ orí tábìlì, gbogbo èèyàn á bọ́ sẹ́yìn ògiri, Mobọ́lá á fa okùn tí wọ́n so mọ́ ìbọn náà, ìbọn á dún. Lẹ́yìn náà ni òun àti Jasmine ọ̀gá rẹ̀, obìnrin ará ìlú Stretford kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, á lọ wo ihò tí ọta dá, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀. Ohun tí Mobọ́lá fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé iyàn kì í sí. Ọta kọjá tàbí kò kọjá.

Nígbà ooru ọdún tó kọjá, iṣẹ́ tuntun kan wọlé. Àwọn kan tó ń kọ́ òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù àti ti ọsibítù ní ohun tí wọ́n lè ṣe bí oníbọn bá wọlé tọ̀ wọ́n, fẹ́ mọ ohun tí èèyàn lè sá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí wọ́n dìídì ṣe láti dá ọta dúró o. Ohun tó wà nílé àti ní ìgboro ni wọ́n ń bèèrè: àga, ilẹ̀kùn yàrá, kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, fíríìjì, ọkọ̀, àpò yanrìn, àpò sìmẹ́ńtì. Jasmine kó iṣẹ́ náà lé Mobọ́lá lọ́wọ́.

Wọ́n lo oríṣiríṣi ìbọn ìléwọ́, wọ́n lo ọta tí orí rẹ̀ rọ̀, wọ́n lo èyí tí wọ́n fi bàbà bò. Àga tìmùtìmù kò tilẹ̀ dá ọta lọ́wọ́ kọ́. Ọta gba inú fíríìjì kọjá bí ẹni pé páálí ni. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà kò gba ẹnikẹ́ni là, àfi ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ilẹ̀kùn yàrá ló burú jù: ihò kékeré ní iwájú, pákó tó fọ́ yángá ní ẹ̀yìn. Ògiri bíríkì dá a dúró, yanrìn dá a dúró.

Wọ́n wá to àpò sìmẹ́ńtì. Mobọ́lá fa okùn. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ó lọ sẹ́yìn àpò náà láti wo bébà funfun tí wọ́n ta síbẹ̀. Bébà náà mọ́ tónítóní. Ó dúró síbẹ̀, kò ya fọ́tò.

"Ṣé kò sí nǹkan?" Jasmine bi í.

"Kò sí. Mo fẹ́ jókòó díẹ̀."

Ìgbà tí Mobọ́lá wà ní kékeré, tó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ni àwọn adigunjalè pa bàbá rẹ̀ ní Ṣàgámù. Bàbá náà ń tẹ̀wé, ó sì ń kọ́ yàrá kún ilé rẹ̀ nígbà náà, ó wá kó sìmẹ́ńtì sínú yàrá ẹ̀yìn. Inú yàrá yẹn ni òun àti ìyàwó rẹ̀ sá sí. Màmá sá sẹ́yìn sìmẹ́ńtì, kò fara pa. Bàbá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọta sì gba ara ilẹ̀kùn bá a. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún Mobọ́lá nìyẹn: bàbá rẹ sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí gbogbo ẹbí ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, títí kan Bọ̀wálé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin.

Nígbà tó dé ilé ní Moss Side lọ́jọ́ náà, Màmá, tó wá láti Nàìjíríà láti bá a tọ́jú Ìtẹ́olúwa ọmọ rẹ̀, ń ká aṣọ ilé ìwé ọmọ náà. Mobọ́lá kúnlẹ̀ kí i, kò sì dìde.

"Màmá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan nípa Dádì. Ta ló ní kí ẹ lọ sẹ́yìn sìmẹ́ńtì?"

Màmá gbójú sókè. "Kí ló mú ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì wá?"

"A yìnbọn lù ú lónìí. Ọta ò kọjá. Ti ilẹ̀kùn kọjá. Ẹ máà bínú, mà. Inú ti ń bí mi sí Dádì láti kékeré. Èèyàn tó kàwé tó bẹ́ẹ̀, báwo ni ò ṣe mọ̀ pé pákó ò lè gba òun? Kí ló dé tí kò bá yín sá síbi tẹ́ ẹ sá sí?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó sá pamọ́?"

"Gbogbo yín."

"Èmi kọ́." Màmá gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn ti bàjẹ́. Òun ló tì mí sẹ́yìn sìmẹ́ńtì, ó ní kí n dojú bolẹ̀. Ó wá fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó ki ẹsẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Wọ́n ń tì í láti ìta, kò ṣí. Ìgbà tí kò ṣí ni wọ́n yìnbọn. Wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀, wọ́n sá lọ. Wọn ò wọ yàrá yẹn, Mobọ́lá. Kò jẹ́ kí wọ́n wọlé."

Mobọ́lá ní, "Kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́ rí?"

"Bí mo bá ní ó di ilẹ̀kùn mú, wọ́n á bi mí pé nítorí ta ni. Kí n wá dúró níwájú ìyá rẹ̀, kí n ní nítorí tèmi?"

"Ṣé ó mọ̀ pé sìmẹ́ńtì lè dá ọta dúró?"

"Mi ò mọ̀. Bóyá ó mọ̀, bóyá ibẹ̀ ló kàn sún mọ́ ọn jù. Kò sí àyè tí mo fi lè bi í."

Ọ̀rọ̀ yìí ló ká Mobọ́lá lára jù. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń dán ìbọn wò, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dán ọta wò, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè yìnbọn lù tí á sọ ohun tó wà lọ́kàn bàbá rẹ̀ nígbà náà fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ síbi tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn tó fọ́ náà tì nínú ọgbà iléeṣẹ́, ó fẹ̀yìn tì í. Ilẹ̀kùn náà kò lágbára, ó ń mì. Jasmine rí i, ó sún mọ́ ọn, Mobọ́lá sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mo lè gbé iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíì," Jasmine wí.

"Rárá. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀." Ó sì parí rẹ̀. Nínú fídíò tí wọ́n ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ náà, òun ló sọ̀rọ̀: bí ọ̀nà bá wà, ẹ sá lọ, bí kò bá sí, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó kàn bò yín lójú èèyàn. Ó fẹ́ fi kún un pé kí ẹnikẹ́ni má pe òkú ní òmùgọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sí nínú ohun tí wọ́n ní kó sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, Màmá ní kí Mobọ́lá bá òun pe Bọ̀wálé ní Ṣàgámù. "Ṣé ìyá àgbà jí?" Màmá bi Bọ̀wálé. "Gbé fóònù sún mọ́ wọn létí."

Ìyá bàbá Mobọ́lá ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́rọ̀. Màmá kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé ìyá náà ń wò ó. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́, ó sọ ọ́ débi pé, "Nítorí tèmi ni, Ìyá. Ẹ foríjì mí."

Ohùn ìyá àgbà jáde nínú fóònù.

"Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yìí wá pé ẹ̀rù ló pa ọmọ mi. O ṣeun, ìyàwó mi. Dìde nílẹ̀."

Kò sí ẹni tó sọ fún un pé Màmá wà lórí ìkúnlẹ̀.